Mo fẹ́ ra mọ́tò sálúùnù ńlá fún ẹbí mi, kí ni kí n wò kí n tó sanwó?

Ẹ̀yin ará mi, ẹ bá mi dá sí i o. Ọmọ mẹ́ta la bí, àbígbẹ̀yìn ṣì ń jókòó nínú síìtì ọmọdé, ìyá mi ń gbé lọ́dọ̀ wa, orúnkún sì ń yọ wọ́n lẹ́nu. Mọ́tò kékeré tí à ń lò ò gbà wá mọ́. Mo wá rí sálúùnù ńlá kan, àlòkù ọdún mẹ́sàn-án, ẹ́ńjìnì V6 (onísílíńdà mẹ́fà), ara ẹ̀ ń dán gbinrin. Ẹni tó ń tà á ní òun nìkan lòun ń wà á látọjọ́ tóun ti rà á. Mẹkáníìkì mi ní kí n gbé e wá kóun gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnì, ó parí. Ìyàwó mi ní jíìpù lòun fẹ́. Ọ̀rẹ́ mi ní tí orúkọ mọ́tò bá ti dáa kí n dijú rà á. Ṣé ohùn ẹ́ńjìnì náà ni gbogbo ẹ̀ ni? Kí lẹ̀yin máa ń wò?

* * *

Kí n tó sọ ohunkóhun nípa ẹ́ńjìnì, ẹ jẹ́ ká ka orí ná. Ẹ̀yin, ìyàwó yín, ọmọ mẹ́ta, màmá. Ẹni mẹ́fà. Mọ́tò tí ẹ sì fẹ́ rà, ẹni márùn-ún ló ń gbà. Látàárọ̀ ni mo ti ń ka ohun tí àwọn èèyàn ń sọ fún yín, ẹnì kan ní V6 ń mu epo, ẹnì kan ní gíà ni kẹ́ ẹ wò, ẹnì kan ní kẹ́ ẹ sá fún funfun torí ó máa ń tètè dọ̀tí, kò sí ẹni tó ka orí nínú wa.

Nígbà kan ọ̀rọ̀ ẹni mẹ́fà yìí ò le. Wọ́n máa ń ṣe sálúùnù tí síìtì iwájú ẹ̀ gùn gbọọrọ bíi bẹ́ǹṣì, ẹni mẹ́ta níwájú, mẹ́ta lẹ́yìn. Toyota Avalon tí wọ́n ṣe kó tó di 2005 ní irú ẹ̀, Chevrolet Impala ló fi í sílẹ̀ kẹ́yìn ní Amẹ́ríkà, lẹ́yìn módẹ́ẹ̀lì 2013. Mi ò ní kẹ́ ẹ lọ wá a o, bẹ́líìtì ìbàdí lásán ló máa ń wà fún ẹni tó bá jókòó sáàárín níwájú. Ohun tí mò ń sọ ni pé tó bá jẹ́ ẹ̀yin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lẹ jọ ń jáde, ẹ má wulẹ̀ ka ìyókù ohun tí mo fẹ́ kọ, ìyàwó yín ló jàre, ẹ lọ wá jíìpù oníbẹ́ǹṣì mẹ́ta. Ẹ dá mi lóhùn ná.

* * *

Ẹ̀rín pa mí, ẹ̀gbọ́n, mi ò kà á lóòótọ́. Ṣùgbọ́n a kì í sábà jáde pa pọ̀, èmi ní mọ́tò ibiṣẹ́. Ìyàwó mi ló máa ń gbé àwọn ọmọ àti màmá. Tó bá pọ̀ jù, ẹni márùn-ún ni.

* * *

Ó dáa, a ṣì lè jọ sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí ẹ fẹnu ara yín sọ: ìyàwó yín ló máa wà á, àwọn ọmọ àti màmá ló máa jókòó sí i, ẹ̀yin àti mẹkáníìkì lẹ wá fẹ́ lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tí ò ní wà á, tí ò sì ní jókòó sẹ́yìn ẹ̀!

Èmi náà ti jẹ ìyà yìí rí. Sálúùnù ńlá àkọ́kọ́ tí mo rà, èmi àti mẹkáníìkì nìkan la lọ wò ó. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó dẹtí sí ẹ́ńjìnì bí ẹni ń gbọ́ àṣírí, ó mi orí, a wà á lọ a wà á bọ̀, ó ń yọ́ lọ lójú títì, mo sanwó. Ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀lé e la tó kó ẹbí àti ẹrù sínú ẹ̀. Kòtò kékeré àkọ́kọ́ tá a bọ́ sí, ìdí mọ́tò lu ilẹ̀ gbì. Mo ní kò sí nǹkan kan. A dé ìkejì, gbì. Nígbà tó yá àwọn ọmọ ti ń kà á lẹ́yìn, "Dádì, ó ti di mẹ́tàdínlógún o." Ṣọ́ọ̀kù ẹ̀yìn méjèèjì ti kú tipẹ́, ọ́ìlì ti jò jáde lára wọn tí eruku sì ti lẹ̀ mọ́ ọn tó dúdú kìjikìji, àmọ́ àwa méjì tá a jókòó síwájú, kí la fẹ́ fi mọ̀? Mọ́tò tó ṣófo lẹ́yìn kì í sunkún.

Látìgbà náà, gbogbo ẹni tó bá máa jókòó sínú mọ́tò ni mo máa ń kó lọ. Kì í ṣe àpèjẹ o, iṣẹ́ ni wọ́n ń bá mi ṣe.

* * *

Ẹnì kan kọ ọ́ sókè pé tí wọ́n bá ti pè é ní "ńlá" àyè ẹ̀yìn ò lè ṣàìtó. Irọ́ ni. Ní Amẹ́ríkà, EPA, àjọ ìjọba tó ń rí sí àyíká, ló ń pín mọ́tò sí kékeré, àárín àti ńlá, ohun tí wọ́n sì ń ṣe ni pé wọ́n á ro àyè tí èèyàn ń jókòó sí pọ̀ mọ́ ti búùtù, tó bá ti tó cubic feet 120, ìyẹn bíi lítà 3,400, ó ti di ńlá nìyẹn. Bí Honda Accord ṣe bọ́ sí ọ̀wọ́ ńlá ní módẹ́ẹ̀lì 2008 nìyẹn, tí Camry tí wọ́n jọ ń figagbága sì ń jẹ́ àárín, bẹ́ẹ̀ sì rèé tẹ́ ẹ bá gbé wọn síra, ẹ máa fẹ́rẹ̀ẹ́ má mọ ìyàtọ̀. Búùtù ńlá lè sọ mọ́tò di ńlá kí orúnkún èrò ẹ̀yìn ṣì máa gún síìtì iwájú.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ mú dání ni téèpù ìwọ̀n àti síìtì ọmọ yẹn gan-an. Ìdí síìtì ẹ̀yìn sálúùnù ńlá sábà máa ń fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 140, nígbà míì ó lé díẹ̀. Síìtì ọmọdé kan máa ń gba bíi 45. Tẹ́ ẹ bá ro ó lórí ìwé, mẹ́ta á wọlé. Tẹ́ ẹ bá wá dé inú mọ́tò, ẹ máa rí i pé ilẹ̀kùn tẹ̀ wọ inú, pé àárín ga ju ẹ̀gbẹ́ lọ, pé síìtì ọmọ ti jókòó lé ibi tí wọ́n ń ti bẹ́líìtì ẹnìkejì bọ̀, ọmọ tó dàgbà á wá máa fi ọwọ́ wá a lábẹ́ ìdí bí ẹni ń wá kọ́kọ́rọ́ tó sọnù. Àwọn irin ISOFIX tí wọ́n ń so síìtì ọmọ mọ́, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ni wọ́n sábà máa ń wà, kì í sí láàárín. Torí náà bí ọmọ mẹ́ta ṣe máa jókòó, ẹ ṣètò ẹ̀ níbẹ̀, lójú ẹni tó ń tà á, kì í ṣe nílé lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti sanwó.

Kẹ́ ẹ tún wo ilẹ̀ níbi ẹsẹ̀ ẹni àárín. Mọ́tò tó ń fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn fà, bíi Chrysler 300 àti Dodge Charger, irin gígùn kan ló ń gba abẹ́ ẹ̀ kọjá lọ sẹ́yìn, òkè gọbọgbọ kan á wá yọ láàárín ilẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rin ò mọ̀ pé ó wà, ọmọ ọdún mẹ́tàlá á fi bú yín.

* * *

Àwọn oníjíìpù ti dé, mo ti ń retí yín.

Òótọ́ tẹ́ ẹ sọ, mo gbà: jíìpù ò ní jẹ́ kéèyàn tẹ̀ba kó tó so bẹ́líìtì ọmọ. Ẹ̀yìn ń dun èmi náà. Ṣùgbọ́n ẹni tó sọ pé jíìpù ló dáa fún orúnkún màmá, ṣé ó ti ran àgbàlagbà gun jíìpù gíga rí? Sálúùnù tó rẹlẹ̀, wọ́n máa ń já sílẹ̀ sínú ẹ̀ ni, jíjáde wá di ogun. Jíìpù gíga, gígùn ún logun, àtisọ̀kalẹ̀ tún logun kejì. Ibi tó dáa ni ibi tí ìdí èèyàn ti bá síìtì dọ́gba, tí wọ́n kàn máa yí ẹ̀gbẹ́ jókòó, kí wọ́n wá kó ẹsẹ̀ wọlé. Àwọn sálúùnù àtijọ́ tórí wọn ga sún mọ́ ọn, àwọn tuntun tórí wọn dà sẹ́yìn bíi ti mọ́tò eré ìje ló ń gbá èèyàn lórí létí ilẹ̀kùn. Ìdájọ́ yẹn, ọwọ́ màmá ló wà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọlé, kí wọ́n jáde, lẹ́ẹ̀mẹta. Kẹ́ ẹ má ràn wọ́n lọ́wọ́ o, kẹ́ ẹ kàn dúró tì wọ́n.

Ti búùtù ńkọ́, jíìpù oníbẹ́ǹṣì mẹ́ta, tẹ́ ẹ bá ti gbé bẹ́ǹṣì kẹta sókè, búùtù tán, ó ku ibi tí ẹ lè fi báàgì ọwọ́ sí. Ẹ kì í sọ ìyẹn.

* * *

Lórí búùtù yìí kan náà, ẹ má fi lítà nìkan ra mọ́tò. Wọ́n ní Ford Taurus ti 2010 gba bíi lítà 569, Avalon ti 2013 gba bíi 453, ẹnikẹ́ni á ní Taurus ló jù. Ó jù lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹnu búùtù sálúùnù lẹrù ń gbà wọlé, ikùn kọ́. Mo ti rí búùtù tó lè gbé odidi fíríìjì kékeré, tí ẹnu ẹ̀ ò gba kẹ̀kẹ́ ọmọ. Ẹ tún wo apá irin tó gbé ìdérí búùtù dúró, nínú àwọn mọ́tò kan ó máa ń tẹ̀ wọnú búùtù tẹ́ ẹ bá ti pa á dé, á sì fún ẹrù pọ̀. Škoda Superb ló gba èmi lọ́kàn níbí: ó jọ sálúùnù, àmọ́ gíláàsì ẹ̀yìn ẹ̀ ń bá ìdérí gbéra lọ sókè, ti 2015 sì gba lítà 625. Ẹ gbé kẹ̀kẹ́ ọmọ yẹn lọ, kẹ́ ẹ tì í wọlé, kẹ́ ẹ sì pa búùtù dé. Ó tán.

* * *

Ìbéèrè kékeré, ẹ̀gbọ́n. Mo pe ẹni tó ń tà á, ó ní kí n wá fúnra mi, kí n má kó ọmọ wá torí wọ́n máa ba síìtì jẹ́. Ṣé kí n bẹ̀ ẹ́?

* * *

Ẹ sọ fún un pé nítorí àwọn ọmọ lẹ ṣe ń rà á. Tó bá kọ̀, ẹ wá òmíràn. Mọ́tò pọ̀.

* * *

Ẹnì kan ń bá mi jà lórí ìwọ̀n ẹrù látàná, ó ní àwọn máa ń kó ẹni márùn-ún gbọ̀ngbọ̀nràn pẹ̀lú ẹrù tó kún búùtù, kò sì sí ohun tó ṣe mọ́tò. Ẹ lọ ṣí ilẹ̀kùn dírẹ́bà. Lára òpó ilẹ̀kùn, mọ́tò tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà ní bébà kékeré kan níbẹ̀ tó kọ iye kílò tí èèyàn àti ẹrù lápapọ̀ ò gbọdọ̀ kọjá. Èyí tí mo ti kà lára sálúùnù, láàárín 385 sí 410 ni púpọ̀ wọn. Ẹni márùn-ún tó wúwo tó kílò 75 níkọ̀ọ̀kan, 375 nìyẹn. Ohun tó kù fún búùtù lítà 500 yẹn, báàgì kan tàbí méjì péré! Àyè wà ò túmọ̀ sí pé àṣẹ wà.

Ó ní kò tíì ṣe é ní nǹkan kan. Táyà ń gbóná, spríìngì ń tẹ̀, bréèkì ń pẹ́ kó tó mú mọ́tò dúró, ọjọ́ kan ṣoṣo tó máa nílò láti dúró lójijì ló máa mọ̀. Ti ìbéèrè yìí ṣì fúyẹ́ torí ọmọ ni mẹ́ta nínú wọn, àmọ́ ọmọ kì í dúró sójú kan.

* * *

Ó yá, ẹ́ńjìnì tí gbogbo yín ń pariwo.

Ẹ pe ẹni tó ń tà á kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ sọ fún un pé ẹ fẹ́ bá mọ́tò nínú òtútù, kó má tàn án kẹ́ ẹ tó dé. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ kọ́kọ́ gbé àtẹ́lẹwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ tó kí i tán. Ìgbà kan mo dé ọ̀dọ̀ ẹnì kan, bọ́nẹ́ẹ̀tì gbóná, ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e lọ fọ̀ torí tèmi ni. Mo ní ẹ ṣé gan-an, mo padà wá láàárọ̀ kùtù ọjọ́ kejì láìsọ fún un. Bó ṣe tàn án báyìí, èéfín búlúù bo ògiri ẹ̀yìn ẹ̀. Ọ́ìlì ló ń jó. Èéfín dúdú, epo ló pọ̀ jù nínú iná. Èéfín funfun tó jẹ́ ooru àárọ̀ kò láburú, ó máa lọ tó bá yá, èyí tí ò lọ tó sì ń rùn bí nǹkan dídùn, omi rédíétọ̀ ló ń wọ inú ẹ́ńjìnì. Ẹ ṣí ìdérí ọ́ìlì náà wò, tẹ́ ẹ bá rí nǹkan tó jọ ìfófò wàrà níbẹ̀, ẹ kí wọn pé ó dàbọ̀.

V6 kì í ṣe ọ̀tá. Tí ẹni márùn-ún bá wà nínú mọ́tò ńlá tẹ́ ẹ sì fẹ́ ya tírélà, ẹ máa mọ̀ pé ó wúlò. Ìbéèrè mi ni: kí ló ń mú inú ẹ́ńjìnì yí bá ara wọn mu, táímìn bẹ́líìtì (rọ́bà) ni àbí séènì (irin)? Ẹ má sọ pé módẹ́ẹ̀lì kan náà ni. Avalon títí di 2004, bẹ́líìtì ni, láti 2005 séènì. Accord V6 ń lo bẹ́líìtì, Accord onísílíńdà mẹ́rin ti àsìkò kan náà, láti 2003, ń lo séènì. Bẹ́líìtì máa ń tó pààrọ̀ láàárín kílómítà bíi 100,000 sí 160,000, ìwé mọ́tò ló máa sọ pàtó. Tí wọ́n bá ní àwọn ti pààrọ̀ ẹ̀, ẹ ní kí wọ́n fi rìsíìtì hàn yín. Kò sí rìsíìtì, a ò pààrọ̀ ẹ̀.

Skáànà, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ka àìsàn mọ́tò, náà ń tan èèyàn. Wọ́n á fi gún mọ́tò, á ní kò rí nǹkan kan, inú yín á dùn. Ẹ ní kí mẹkáníìkì wo ibi tí mọ́tò ti ń kọ ọ́ bóyá ó ti parí àyẹ̀wò ara ẹ̀. Tó bá jẹ́ púpọ̀ nínú àyẹ̀wò náà ni ò tíì parí, ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ pa àkọsílẹ̀ àìsàn rẹ́ ni tàbí wọ́n yọ bátìrì. Ẹ béèrè ìdí.

Gíà, ẹ gbé e sí D, ẹ gbé e sí R, nígbà tó ṣì tutù. Tó bá ń ronú kó tó mú, tàbí tó gbá yín lẹ́yìn, àrùn wà. Nissan Maxima láti 2007 ń lo CVT, ìyẹn gíà aláìnípele, kò ní gíà tó ń gbá, gbígbọ̀n àti igbe tí kì í tán ni kẹ́ ẹ fetí sí. Àwọn tó ní ọ́ìlì gíà ò nílò àtipààrọ̀ títí ayé, ayé ta ni? Ayé olówó àkọ́kọ́ ni wọ́n ń wí.

* * *

Ọ̀rẹ́ tó ní kẹ́ ẹ fi orúkọ ra mọ́tò, ẹ bá mi kí i. Ẹ̀rọ tí Takata ṣe, tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú airbag (àpò tó ń wú láti gba èèyàn nígbà ìjàǹbá), tó lè bú tó sì ń ta irin sára èèyàn, àìmọye ilé iṣẹ́ ló lò ó, Toyota, Honda, Ford, BMW, gbogbo wọn. Ní Amẹ́ríkà nìkan, bíi mílíọ̀nù 67 ni wọ́n ní kí wọ́n yọ. Orúkọ ò gba ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Nọ́ńbà VIN, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ mọ́tò kọ̀ọ̀kan, ló gbà á sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ àti nọ́ńbà 17 ni, I, O àti Q kì í sí níbẹ̀. Ẹ fi ti dáṣíbọ́ọ̀dù wé ti ilẹ̀kùn, kẹ́ ẹ fi wé ti ìwé, kẹ́ ẹ wá gbé e fún ilé iṣẹ́ tó ṣe mọ́tò láti mọ̀ bóyá iṣẹ́ àpèpadà kan, ìyẹn àtúnṣe tí wọ́n ní kí wọ́n gbé mọ́tò padà wá fún, ṣì kù. Wọn kì í gbowó ìyẹn.

Ara tó ń dán gbinrin, mi ò sọ nǹkan kan. Ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì búùtù sókè, ẹ gbé táyà sípíà kúrò, ẹ wo ihò tó wà níbẹ̀. Ibẹ̀ làwọn tó ń fọ mọ́tò fún títà máa ń gbàgbé. Irin tó ká tí wọ́n tẹ̀ padà, ọ̀dà tí àwọ̀ ẹ̀ yàtọ̀, yanrìn, gbogbo ẹ̀ wà níbẹ̀. Kẹ́ ẹ fa bẹ́líìtì síìtì ẹ̀yìn jáde títí ó fi parí. Mo fa ọ̀kan bẹ́ẹ̀ rí, ó mọ́ dé ìdajì, bó ṣe kù díẹ̀ kó tán ni ìlà ẹrẹ̀ gbígbẹ yọ, ó tẹ́jú bí ẹni fi rúlà fà á. Omi ti débẹ̀ rí. Ẹni tó ń tà á náà ń wò ó bí ẹni tó ń rí i fúngbà àkọ́kọ́, bóyá òótọ́ sì ni.

Táyà: nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà DOT tó wà lára ẹ̀ ni ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é, 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún 2019. Ẹ kà á lára márààrún.

* * *

Ẹ̀gbọ́n, a ti lọ. Gbogbo wa. Ó gbà kí àwọn ọmọ wá, ó tẹ́ aṣọ sórí síìtì. Bọ́nẹ́ẹ̀tì tutù, èéfín funfun díẹ̀ tó lọ. Síìtì ọmọ ò dúró láàárín, a gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó gbà. Màmá ní orí àwọn ò kan nǹkan kan, àmọ́ jíjáde gba ọwọ́ kan. Ìyàwó mi wà á, ó ní òun ò rí kọ̀rọ̀ ẹ̀yìn tóun bá ń fẹ́yìn wọlé, síbẹ̀ ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yìn dún gbì lẹ́ẹ̀mejì. Bẹ́líìtì ni ẹ́ńjìnì ń lò, ó ní òun ti pààrọ̀ ẹ̀, kò rí rìsíìtì. Bẹ́líìtì síìtì mọ́ dópin. Ìyàwó mi ò sọ jíìpù mọ́. Kí n sanwó?

* * *

Kẹ́ ẹ gbé mẹkáníìkì yín lọ báyìí, iṣẹ́ ẹ̀ ti dé: kó yọ táyà ẹ̀yìn, kó wo ṣọ́ọ̀kù méjèèjì àti búsìngì wọn, kó sì sọ iye tí táímìn bẹ́líìtì pẹ̀lú pọ́ǹpù omi máa jẹ. Ẹ ro iye yẹn pọ̀, kẹ́ ẹ ní kó yọ ọ́ kúrò nínú owó mọ́tò. Tó bá yọ ọ́, ẹ gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì tààrà kó tó dé ilé yín. Tó bá kọ̀, ẹ jẹ́ kó sùn lọ́dọ̀ ẹ̀. Ti kọ̀rọ̀ ẹ̀yìn yẹn, kámẹ́rà ìfẹ́yìn wọlé rọrùn láti fi sí i. Ti ọwọ́ tí wọ́n nílò láti jáde, ṣebí ọmọ mẹ́ta wà nínú mọ́tò.